Ẹṣin 35 tó sọnù: ìtàn bí gíà ọ́tò ṣe kọ́ bí a ṣe ń gbé ẹ́ńjìnnì dísẹ́ẹ̀lì

1/
Ká ní lọ́dún 1996, ọkùnrin méjì wọ ṣọ́ọ̀bù Dodge kan náà ní Amẹ́ríkà. Pickup Ram kan náà ni wọ́n rà, ẹ́ńjìnnì dísẹ́ẹ̀lì Cummins kan náà ló wà nínú méjèèjì. Ọ̀kan ní gíà mánúà lòun fẹ́. Èkejì san owó lé e kóun lè gba gíà ọ́tò.
Ta ló gbé mọ́tò tó lágbára jù lọ sílé?
Ẹni tí kò san owó lé e ni o.

2/
Ti mánúà ní agbára ẹṣin 215. Ti ọ́tò ní 180. Ẹṣin 35 ti lọ, ilé-iṣẹ́ tó ṣe mọ́tò náà ló sì mọ̀ọ́mọ̀ mú un kúrò.
Mo fẹ́ sọ ìtàn bí ẹṣin 35 yẹn ṣe sọnù, àwọn tó jáde lọ wá a, ohun tó ná wọn, àti bó ṣe padà wálé lọ́nà tí ẹnikẹ́ni ò rò. Ó gùn díẹ̀. Ẹ fìdí mọ́lẹ̀ 🧵

3/
Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀. Kí ni gíà ń ṣe gan-an?
Ẹ́ńjìnnì ń yí, táyà náà gbọ́dọ̀ yí, àmọ́ eré wọn ò dọ́gba. Gíà ni alárinà wọn. Nínú mánúà, ẹsẹ̀ ẹ lórí kílọ́ọ̀ṣì àti ọwọ́ ẹ lórí ọ̀pá gíà ló ń ṣe iṣẹ́ náà. Nínú ọ́tò, ọ́ìlì ló ń ṣe é.
Ẹ fi ọ̀rọ̀ ọ́ìlì yìí sọ́kàn. Òun ni gbogbo ìtàn yìí dúró lé.

4/
Okùn kì í gùn títí kó má nìbi tí wọ́n ti fà á wá. Ibi tí wọ́n ti fa tiwa wá, ọkọ̀ ojú omi ni, kì í ṣe mọ́tò.
Hermann Föttinger, onímọ̀ ẹ̀rọ ará Jámánì, ń ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń kan ọkọ̀ ojú omi ní Stettin. Lọ́dún 1905 ló gba àṣẹ ìjọba lórí ohun tó hùmọ̀. Ẹ wo fáànù méjì tó kojú síra. Ẹ tan ọ̀kan, afẹ́fẹ́ ẹ̀ á máa yí èkejì. Ẹ wá fi ọ́ìlì rọ́pò afẹ́fẹ́, kẹ́ ẹ dé méjèèjì mọ́nú ìkòkò irin kan. Ohun tí wọ́n ń pè ní torque converter nìyẹn.

5/
Ibi tó ti dára: irin ò kan irin, nítorí náà tí mọ́tò bá dúró ní go-slow, ẹ́ńjìnnì ò ní kú. Fáànù kékeré kẹta tún wà láàárín tó ń darí ọ́ìlì padà, èyí tó ń sọ agbára di púpọ̀ nígbà tí mọ́tò bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbéra.
Ibi tí wàhálà wà: fáànù kejì kì í sáré tó ti àkọ́kọ́. Ìyàtọ̀ yẹn kì í ṣòfò lásán, ooru ló ń dà. Ooru sì ni ọ̀tá gíà ọ́tò láti ìgbà yẹn títí dòní.

6/
Ní 1939, General Motors gbé Hydra-Matic jáde fún Oldsmobile ti ọdún 1940. Òun ni gíà ọ́tò àkọ́kọ́ tí wọ́n ṣe lọ́pọ̀ yanturu. Ogun Àgbáyé Kejì bẹ́ sílẹ̀, gíà yẹn bá ogun lọ: ọkọ̀ ogun M5 Stuart ní ẹ́ńjìnnì Cadillac méjì àti Hydra-Matic méjì.
Lẹ́yìn ogun, ní àwọn ọdún 1950, àwọn ọmọ California tó ń fi mọ́tò sáré ìje bẹ̀rẹ̀ sí í tú Hydra-Matic palẹ̀ kí wọ́n lè fún un lágbára. Ibẹ̀ ni orúkọ bíi B&M ti jáde. Ẹ ò rí i pé fífún gíà ọ́tò lágbára kì í ṣe nǹkan àná.

7/
Ó wá kan Chrysler, bàbá Dodge. Wọ́n gbé TorqueFlite jáde fún àwọn mọ́tò ọdún 1956. Ní 1962, èyí tí wọ́n ń pè ní A727 dé, ara ẹ̀ jẹ́ alumíníọ̀mù.
Gíà yìí lórúkọ gan-an. Òun ni wọ́n fi sẹ́yìn ẹ́ńjìnnì 426 Hemi, abàmì ẹ́ńjìnnì pẹtiróòlù tó ní agbára ẹṣin 425 àti torque 490. Ó gbé e, kò sì mira.

8/
Kí ni torque? Ẹni tó bá ti tú nọ́ọ̀tì táyà rí ti mọ̀ ọ́n. Agbára tẹ́ ẹ fi ń tẹ sípánà kí nọ́ọ̀tì lè yí, òun nìyẹn. Tó bá ṣòro, ẹ ó ki páìpù gígùn bọ ẹ̀yìn sípánà, torque á pọ̀ sí i.
Lb-ft ni Amẹ́ríkà fi ń wọ̀n ọ́n. Torque 400 túmọ̀ sí pé bíi kẹ́ ẹ so ẹrù pọ́n-ùn 400 mọ́ orí ọ̀pá tó gùn ní ẹsẹ̀ bàtà kan. Agbára ẹṣin ní tiẹ̀ ń sọ bí iṣẹ́ ṣe ń yá tó. Torque ló ń fa ẹrù kúrò nílẹ̀.

9/
Ọdún 1989. Ọjà pickup Dodge ò yá. Ara mọ́tò náà ti wà láti 1972. Ford àti General Motors ti ní pickup dísẹ́ẹ̀lì tiwọn lórí títì.
Ni Dodge bá lọ bá Cummins ní Columbus, ìpínlẹ̀ Indiana, wọ́n gba ẹ́ńjìnnì 5.9 onísílíńdà mẹ́fà. Ẹ́ńjìnnì iṣẹ́ ni, irú èyí tó ń wà nínú katakata oko àti ọkọ̀ akẹ́rù. Agbára ẹṣin 160 péré, àmọ́ torque 400. Ẹṣin ẹ̀ ò pọ̀ rárá, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn ẹ̀ le.

10/
Fún ẹni tó bá fẹ́ ọ́tò, Dodge mú A727 àtijọ́ yẹn, ó fi sẹ́yìn Cummins. Lórí ìwé, kò séwu. Gíà tó gbé 490 ti Hemi, kí ló máa bà á lẹ́rù nínú 400?
Ọ̀rọ̀ ò rí bẹ́ẹ̀. Ìbéèrè kì í ṣe iye torque nìkan. Ìgbà tó ń dé ló ṣe pàtàkì jù.

11/
Hemi gbọ́dọ̀ yí ìgbà 4,000 láàárín ìṣẹ́jú kan kí 490 yẹn tó pé. Cummins ń kó gbogbo 400 tiẹ̀ jáde nígbà tí kò tíì yí tó 2,000.
Ẹ rántí ọ́ìlì. Inú gíà ọ́tò, pọ́ǹpù kan wà tí ẹ́ńjìnnì ń yí. Pọ́ǹpù yẹn ló ń ti ọ́ìlì tó ń fún àwọn pléètì kílọ́ọ̀ṣì pọ̀ kí wọ́n má yọ̀. Tí ẹ́ńjìnnì bá ń yí jẹ́jẹ́, pọ́ǹpù náà ń yí jẹ́jẹ́. Ìgbà tí agbára dísẹ́ẹ̀lì bá dé góńgó, ọwọ́ tó yẹ kó dì í mú ò tíì gbóná.

12/
Ẹ tún wo iṣẹ́ tí wọ́n fi mọ́tò ṣe. Hemi máa sáré ìdá mẹ́rin máìlì, kò tó ìṣẹ́jú àáyá 15, ó parí.
Pickup dísẹ́ẹ̀lì ń fa tírélà màálù gun òkè fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú gbáko. Gíà tí wọ́n fi sí i ní 1989 ò ní lock-up, ìyẹn kílọ́ọ̀ṣì tó máa ń so fáànù méjèèjì pọ̀ kí yíyọ̀ dúró. Kò ní gíà kẹrin fún títì gbọọrọ. Gbogbo ìrìn àjò, ọ́ìlì ń yọ̀, ooru ń pọ̀. Ẹ̀mí gíà ń lọ díẹ̀díẹ̀.

13/
Dodge náà ò sùn o. Ní 1991 wọ́n fún un ní gíà kẹrin. Ní 1994 tí Ram tuntun jáde, gíà 47RH dé pẹ̀lú lock-up. Ní 1996 ó di 47RE, kọ̀ǹpútà bẹ̀rẹ̀ sí í bá a dá sí ọ̀rọ̀.
Àmọ́ ẹ tú u wò, egungun TorqueFlite àtijọ́ ló ṣì wà níbẹ̀. Ẹ̀wù tuntun, ara àtijọ́.

14/
Kí ni ilé-iṣẹ́ wá ṣe? Wọn ò lè sọ gíà di alágbára lọ́sàn-án kan, wọ́n bá dín agbára ẹ́ńjìnnì kù fún ẹni tó bá ra ọ́tò. 1996 sí 1998: mánúà, ẹṣin 215, torque 440. Ọ́tò, ẹṣin 180, torque 420. Wọn ò fi pa mọ́, ó wà nínú ìwé ìpolówó wọn.
Dodge nìkan kọ́. Ní 2001, Power Stroke 7.3 ti Ford jẹ́ ẹṣin 275 pẹ̀lú mánúà, 250 pẹ̀lú ọ́tò.
Ibi tí okùn ti tínrín jù ló ti ń já. Àwọn náà mọ ibẹ̀.

15/
Ṣùgbọ́n ta ló máa gbọ́ pé ẹ́ńjìnnì òun ní ẹṣin tí wọ́n so mọ́lẹ̀, tó máa jókòó?
Pọ́ǹpù dísẹ́ẹ̀lì Bosch P7100 ló wà lórí Cummins 1994 sí 1998. Nínú ẹ̀, irin pẹlẹbẹ kékeré kan wà tó ń sọ iye dísẹ́ẹ̀lì tó lè kọjá. Àwọn èèyàn rí i pé téèyàn bá sún irin yẹn síwájú, tàbí tó fi fáìlì rẹ́ ẹ, dísẹ́ẹ̀lì á pọ̀ sí i. Iṣẹ́ ọ̀sán kan ni, láì tú ẹ́ńjìnnì rárá. Ẹ́ńjìnnì iṣẹ́ ni, ó ti ní agbára nípamọ́ tẹ́lẹ̀.
Kí ilẹ̀ tó ṣú, ẹṣin 35 ti padà wálé, ó tún kó àwọn àbúrò ẹ̀ dání.

16/
Inú wọ́n dùn. Àmọ́ kò pẹ́ lọ títí.
Ẹ tẹ iná, ẹ́ńjìnnì ń ké, mọ́tò ò lọ. Ọ́ìlì gíà tó pupa ròrò ti dúdú, ó ń rùn bí nǹkan tó jó. Ẹni tó bá ti wa tókunbọ̀ ọ́tò tí gíà ẹ̀ ń yọ̀ lórí bíríìjì, tí àwọn tó wà lẹ́yìn ń fọn fèrè sí, mọ ohun tí mò ń sọ. Tiwọn tún wá burú jù, torí tírélà wà lẹ́yìn wọn.

17/
Ibẹ̀ ni òwò tuntun kan ti gbòòrò. Ní Amẹ́ríkà àti Kánádà, àwọn mẹkáníìkì gíà jókòó ti 47RH àti 47RE tó ti jóná, wọ́n ń bi í léèrè: ibo ló ti kọ́kọ́ bà jẹ́?
Ohun tó wú mi lórí nínú ìtàn yìí nìyí. Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá tún ibì kan ṣe, ibòmíì tí ẹnikẹ́ni ò fura sí ló máa já. Ẹ jẹ́ ká tẹ̀ lé wọn lọ́kọ̀ọ̀kan.

18/
Èkíní: converter. Lock-up tí ilé-iṣẹ́ fi síbẹ̀, ojú kan ṣoṣo ló fi ń dì mú. Agbára pọ̀, ó yọ̀, ó jó. Wọ́n bá fi pléètì méjì tàbí mẹ́ta rọ́pò ẹ̀. Ìdérí irin ẹ̀ náà máa ń wú tí ọ́ìlì bá tẹ̀ ẹ́ jù, wọ́n wá fi irin tó nípọn ṣe é.
Wọ́n tún yí abẹ́ fáànù inú ẹ̀ padà, kó lè tètè di ẹ́ńjìnnì mú nísàlẹ̀, níbi tí agbára dísẹ́ẹ̀lì wà, dípò kó máa yọ̀ títí ẹ́ńjìnnì á fi ké.

19/
Èkejì: valve body. Òun ni ọpọlọ gíà. Ẹ wò ó bí ilé tó ní yàrá àti ọ̀dẹ̀dẹ̀ tóóró ọgọ́rùn-ún, ọ́ìlì ló ń rìn nínú ẹ̀, àwọn fááfù sì ni ìlẹ̀kùn.
Ilé-iṣẹ́ ṣe é kí gíà máa wọlé jẹ́jẹ́, kí ẹni tó wà nínú mọ́tò má mira. Ṣùgbọ́n jẹ́jẹ́ yẹn túmọ̀ sí pé pléètì ń ha ara wọn pẹ́ kí wọ́n tó dì. Àwọn mẹkáníìkì fi kún agbára tí ọ́ìlì fi ń tẹ̀, wọ́n fẹ àwọn ihò kan lójú. Gíà wá ń wọlé gbà! Ara ò tù ẹ́ bíi tẹ́lẹ̀, àmọ́ kò yọ̀.

20/
Àwọn ìdílé TorqueFlite yìí ní àṣírí kan tí ọ̀pọ̀ onímọ́tò ò mọ̀. Tẹ́ ẹ bá fi í sí P, ọ́ìlì kì í lọ sínú converter. Ìdí nìyẹn tí àwọn àgbà mẹkáníìkì fi máa ń sọ pé láàárọ̀ ọjọ́ òtútù, ẹ fa bíríkì ọwọ́, ẹ fi sí N, kẹ́ ẹ jẹ́ kó gbóná níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ valve body tí wọ́n tún ṣe ló ti yanjú ìyẹn.

21/
Ẹ̀kẹta: pléètì àti ọ̀já. Wọ́n fi pléètì kún iye tó wà nílé ẹ̀, wọ́n sì lo ohun tó máa ń dì mú dáadáa tí kì í tètè jó.
Ọ̀já irin tún wà tó ń wé mọ́ ìlù kan nínú gíà, tó ń dá a dúró kí gíà kejì lè wọlé, bí ìgbà téèyàn fọwọ́ gbá ìlù mú kó má dún mọ́. Irin kékeré tó ń ti ọ̀já yẹn máa ń ṣẹ́ lábẹ́ agbára tuntun. Wọ́n fi irin tó le rọ́pò ẹ̀.

22/
Ẹ̀kẹrin ló ya gbogbo èèyàn lẹ́nu. Nígbà tí ohunkóhun ò yọ̀ mọ́, ọ̀pá tó ń gbé agbára wọ inú gíà wá bẹ̀rẹ̀ sí í kán!
Ẹ rò ó wò. Gbogbo ọdún tí gíà fi ń yọ̀, yíyọ̀ yẹn ló ń dáàbò bo ọ̀pá. Àìlera ibì kan ló ń gba ẹ̀mí ibòmíì là. Ẹ mú àìlera yẹn kúrò, ẹrù á wá já lé ẹni tó kàn.
Ni wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́ ọ̀pá náà látinú odindi irin tó le ju ti ilé-iṣẹ́ lọ.

23/
Ẹ̀karùn-ún: ooru, ọ̀tá àtijọ́. Wọ́n fi rédíétọ̀ ọ́ìlì tó tóbi sí i, pọ́ọ̀nù ìsàlẹ̀ tó jìn kó lè gba ọ́ìlì púpọ̀, àti géèjì tó ń sọ bí ọ́ìlì ṣe gbóná tó.
Mo gbà pé géèjì yẹn ló yẹ kó jẹ́ èkíní. Ọ́ìlì gíà tó wà láàárín 80 sí 95°C ń gbádùn ara ẹ̀. Tó bá ti ń kọjá 120°C lọ́pọ̀ ìgbà, ó ń kú, yóò sì mú gíà lọ.

24/
Ẹgbẹẹgbẹ̀rún dọ́là ni gíà tí wọ́n tún kọ́ báyìí. Ìdí tí ọ̀pọ̀ fi máa ń gbìyànjú láti ṣe ìdajì nìyẹn: converter lónìí, ìyókù tí owó bá wọlé. Gíà ò mọ ìdajì. Àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn, yóò ru igbá ẹ̀ délé.
Ọ̀rọ̀ eré sísá nìkan kọ́ o. Lock-up tó dì dáadáa ló ń jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì lè bá bíríkì di mọ́tò mú nígbà tẹ́ ẹ bá ń sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè pẹ̀lú tírélà. Tó bá yọ̀, bíríkì nìkan ló kù láàárín ẹ̀yin àti ìsàlẹ̀ òkè.

25/
Ẹ jẹ́ ká wo ọ̀dọ̀ General Motors. Ní 2001 wọ́n gba ọ̀nà míì. Ẹ́ńjìnnì Duramax tí àwọn àti Isuzu jọ ṣe, wọ́n fi gíà Allison 1000 sẹ́yìn ẹ̀. Gíà Allison ló ti ń wà nínú bọ́ọ̀sì, ọkọ̀ panápaná àti ọkọ̀ ogun láti ọjọ́ pípẹ́.
Ẹṣin 300, torque 520. Ọ́tò tàbí mánúà, ọ̀kan náà. Kò sẹ́ni tí wọ́n yọ ẹṣin ẹ̀. Wọ́n tún lẹ orúkọ Allison mọ́ ara mọ́tò. Ìgbà wo lẹ gbẹ̀yìn rí orúkọ gíà lára mọ́tò?

26/
Àwọn tó fẹ́ agbára kún agbára dé ibẹ̀ náà. Ṣùgbọ́n Allison gbọ́n. Kọ̀ǹpútà ẹ̀ ń ka bí ọ̀pá ṣe ń yí nígbà tó ń wọlé àti nígbà tó ń jáde. Tí ìṣirò ò bá pé, ó mọ̀ pé pléètì ń yọ̀. Lójú ẹsẹ̀ ó máa tan iná sí dáṣíbọ́ọ̀dù, ó máa há sí gíà kan ṣoṣo, kò ní yí mọ́.
Ó ń bí onímọ́tò nínú. Àmọ́ gíà tó kọ̀ jẹ́ láti kú ni.

27/
Dodge náà kọ́gbọ́n. Ní 2003, 48RE dé, ó nípọn ju 47RE lọ. Nígbà tó fi máa di àárín ọdún 2004, Cummins wọn ti jẹ́ ẹṣin 325 àti torque 600, ẹni tó ra ọ́tò àti ẹni tó ra mánúà sì gba ohun kan náà.
Ọmọ ìyá ti dọ́gba. Ẹ lè rò pé ìtàn ti parí síbí.
Rárá o.

28/
2007: Cummins 6.7 tuntun dé pẹ̀lú gíà ọ́tò onígíà mẹ́fà, 68RFE. Torque: ọ́tò, 650. Mánúà, 610. Ẹ kà á lẹ́ẹ̀kejì.
2013: mánúà, ẹṣin 350, torque 660. Ọ́tò 68RFE, ẹṣin 370, torque 800. Ọ́tò Aisin láti Japan, ẹṣin 385, torque 850.
Ẹ yọ 350 kúrò nínú 385. Kí ló kù?
Ẹṣin 35. Iye tí wọ́n yọ lára ọ́tò ní 1996 gẹ́lẹ́. Ọdún 17 ni, àga ti yí padà.

29/
Kí ló fà á? Gíà mánúà ò di ọ̀lẹ. Ẹsẹ̀ èèyàn ni ilé-iṣẹ́ ò lè darí.
Nínú ọ́tò òde òní, tí gíà bá fẹ́ wọlé, kọ̀ǹpútà á sọ fún ẹ́ńjìnnì pé kó rọ agbára sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá kín-ún, kí pléètì lè dì láì ha ara wọn, lẹ́yìn náà á dá agbára padà. Ẹ ò ní mọ̀ pàápàá. Nínú mánúà, èèyàn lè já kílọ́ọ̀ṣì gbà pẹ̀lú tírélà ńlá lẹ́yìn. Ta ló máa sọ fún ẹsẹ̀ yẹn pé kó rọra? Nítorí náà wọ́n dín agbára kù fún mánúà kí gíà má bàa fọ́.
Ohun kan náà tí wọ́n ṣe fún ọ́tò láyé àtijọ́.

30/
2018 ni ọdún tí Ram ta mánúà gbẹ̀yìn nínú àwọn pickup ńlá ẹ̀. Ní 2019, Cummins pẹ̀lú gíà Aisin dé torque 1,000. Ní 2025, gíà onígíà mẹ́jọ ti ZF ará Jámánì gba ipò, ẹṣin 430, torque 1,075.
Láti 400 sí 1,075. Ẹ́ńjìnnì ni gbogbo ayé ń pàtẹ́wọ́ fún. Àmọ́ ẹ́ńjìnnì ti lè ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ tipẹ́. Ó ń dúró de gíà ni.

31/
Òwò àwọn tó ń tún gíà kọ́ ò kú o. 68RFE náà ní ibi tó ti tínrín, àwọn tó fi kún agbára Cummins 6.7 sì tètè rí i. Wọ́n ṣì ń ṣe nǹkan márùn-ún yẹn: converter, valve body, pléètì, ọ̀pá, ooru. Ẹ̀kẹfà nìkan ló wọlé dé, kọ̀ǹpútà tó ń bá gíà sọ̀rọ̀.
Ẹ wò ó dáadáa: ohun tí àwọn mẹkáníìkì ń ṣe ní ṣọ́ọ̀bù kéékèèké láyé 47RE, tí ọ́ìlì fi ń tẹ̀ kíkan, tí lock-up fi ń dì mú, ojú ọ̀nà kan náà ni àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá padà gbà.

32/
Ọ̀rọ̀ kan tí mi ò fẹ́ fò. Fífún gíà lágbára ò lòdì sófin. Ohun tó lòdì sófin ní Amẹ́ríkà ni yíyọ àwọn ẹ̀rọ tó ń sẹ́ èéfín dísẹ́ẹ̀lì, ọ̀pọ̀ ló sì ń ṣe méjèèjì pọ̀ láti wá agbára. Ní 2020, EPA, àjọ tó ń bójú tó àyíká níbẹ̀, sọ pé ó lé ní 550,000 pickup dísẹ́ẹ̀lì tí wọ́n ti yọ ẹ̀rọ èéfín wọn láàárín nǹkan bí ọdún mẹ́wàá.
Ẹṣin yín lẹ̀ ń wá, àwọn ọmọ tó ń gbé létí títì ló ń fa èéfín ẹ̀ símú. Ìyẹn náà wà nínú ìtàn.

33/
Kí ni mo rí mú níbẹ̀? Agbára tí ohun tó wà láàárín ò lè gbé, bíi kò sí ni. Àwọn tó ṣe Ram mọ̀ ọ́n, wọ́n yọ ẹṣin 35. Àwọn tó lọ wá ẹṣin náà kọ́ ọ pẹ̀lú owó gọbọi: ọ̀kan jó, wọ́n tún un ṣe, èkejì yọ̀, wọ́n tún un ṣe, ẹ̀kẹta kán.
Ẹni tó bá fẹ́ fi agbára kún mọ́tò, kó kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ gíà. Ẹ́ńjìnnì kì í sọ pé rárá. Gíà ló máa ń dáhùn, àárín títì ló sì sábà máa ń yàn láti dáhùn.

34/
Ó parí síbí. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní bàbá, ẹ̀gbọ́n tàbí ọ̀rẹ́ tó ń tún gíà ṣe, ẹ bi wọ́n fún mi: nínú àwọn ọ́tò tí wọ́n ń tú palẹ̀, kí ló máa ń kọ́kọ́ lọ, converter àbí pléètì? Ẹ kọ èsì wọn sísàlẹ̀ fún wa. Mo ń dúró.